Wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó oṣù wa, kò sì dé àkáǹtì. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, a sì ju ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ lọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lára owó wa, ó wà nínú ìwé owó oṣù gbangba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kí àwọn tó ń bá wa tọ́jú owó náà fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Láti oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, kọ́bọ̀ kò wọlé. Mo bi ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ó ní ọjà kò tà, kí n ní sùúrù.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwọn ará Íńdíà tí a jọ wà lẹ́ka ẹ̀rọ, wọn kì í yọ nǹkan kan lára tiwọn. Ṣé òfin kan náà kọ́ ló de gbogbo wa ni? Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká ní kí ọ̀gá má yọ ọ́ mọ́, kó kúkú máa kó gbogbo owó wa lé wa lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Télọ̀_Mushin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba owó yín o jàre. Bùrọ̀dá mi ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí di òní "ẹ lọ, ẹ padà wá" ni wọ́n ń sọ fún un. Owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ni owó ẹni.

Akọ̀wé_Owó

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ má gbà á o. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn PFA rí, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ìfẹ̀yìntì ṣòwò fún òṣìṣẹ́, ohun tí mo sì mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, èyí tó rọ́pò ti 2004, sọ pé ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ ṣe é. Òṣìṣẹ́ á mú ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún wá, agbanisíṣẹ́ á mú ìdá 10 wá. Ẹ wò ó báyìí: ká ní owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ yín jẹ́ ₦200,000 lóṣù. ₦16,000 ni wọ́n á yọ lára yín. ₦20,000 ni ọ̀gá á mú jáde lápò ara rẹ̀. ₦36,000 ló gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì yín, ìyẹn ₦432,000 lọ́dún kan. Tí ẹ bá ní kó má yọ ọ́ mọ́, ₦16,000 yín nìkan lẹ rí gbà padà. ₦20,000 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ yín ti di tirẹ̀ nìyẹn, inú rẹ̀ á sì dùn gan-an pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ̀ ẹ́. Òfin ò tiẹ̀ gbà á láàyè pé kí ẹ jọ ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

"Ọjà kò tà" kì í ṣe àwáwí níwájú òfin. Ọjọ́ iṣẹ́ méje ló ní lẹ́yìn tó bá san owó oṣù láti fi owó náà ránṣẹ́. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó jẹ ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, lè bù lé e fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí kò fi san, inú àkáǹtì yín ni owó ìtanràn ọ̀hún sì ń lọ.

Ẹ kọ lẹ́tà. Kí ẹ jọ fọwọ́ sí i, kó má lọ jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ so ìwé owó oṣù tó fi hàn pé wọ́n yọ owó mọ́ ọn, kí ẹ sì so àkọsílẹ̀ àkáǹtì tó fi hàn pé kò wọlé mọ́ ọn pẹ̀lú. Ẹ fún ọ̀gá ní ẹ̀dà kan kó buwọ́ lù ú pé òun gbà á, ẹ fún PFA yín ní ìkan, kí ẹ sì fi ìkan ránṣẹ́ sí PenCom. PenCom ní àwọn tó ń bá a gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ yín bá ń wá kọ́ńtíráàtì lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ yín tún le sí i, nítorí wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́dọọdún pé kò jẹ gbèsè owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ tún bi ọ̀gá yín léèrè ìṣeduro ẹ̀mí, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń san fún ẹbí tí òṣìṣẹ́ bá kú. Òfin kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìṣeduro fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ẹni tí kò san owó ìfẹ̀yìntì, ó ṣòro kó ti san ìyẹn.

Ní ti àwọn ará Íńdíà, wọn ò rú òfin. PenCom kò fi dandan mú àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Tí òun àti agbanisíṣẹ́ bá fẹnu kò, ó lè wọ̀ ọ́, bí wọn ò bá sì fẹ́, kò sí ẹjọ́. Íńdíà ní ètò tiwọn nílé, Employees' Provident Fund. Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, dandan ni tiyín.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣé gan-an o, Akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ₦20,000 yẹn là mí lójú. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá_Ẹlẹ́yẹlé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mo wà. Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ inú yín rò pé ètò àtijọ́ dára ju tìsinsìnyí lọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń gba gratuity gọbọi, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tó fẹ̀yìn tì.

Òótọ́ ni pé ó dùn-ún gbọ́ létí. Lábẹ́ òfin 102 ti 1979 àti àtúnṣe tó tẹ̀ lé e, ẹni tó bá lo ọdún 35 gbáko á gba gratuity tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀ ọdún kan, pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ á sì jẹ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń gbà kẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ kò san kọ́bọ̀ sí i. Àmọ́ inú ètò ìṣúná ọdọọdún ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, ìjọba kò sì tọ́jú owó kan pamọ́ fún un. Tí ìjọba bá san, a yọ̀. Tí kò bá san, ta la fẹ́ mú? Mo rí àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, tí wọ́n to ìlà fún ìyẹ̀wò nínú oòrùn, tí wọ́n mú àga àpótí láti ilé wá nítorí ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́. Wọ́n á pe orúkọ, ẹni tí wọ́n ń pè á ti dákú lábẹ́ igi. Àwọn kan ò délé. Ìdí tí Ọbásanjọ́ fi gbé òfin 2004 jáde nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tí a rí tó máa ní kí wọ́n dá wa padà sí i.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ti àwa tí a wọṣẹ́ ṣáájú 2004. Òfin ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ ní báńkì àpapọ̀, kó fi san ẹ̀tọ́ ọdún tí a ti lò sẹ́yìn. Láti nǹkan bíi 2014 ni owó yẹn ti ń já kulẹ̀. Ènìyàn á fẹ̀yìn tì lónìí, á sì jókòó ọ̀pọ̀ oṣù, ọdún pàápàá, kó tó rí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Oṣù Kejì 2025 ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yá ₦758 bílíọ̀nù láti fi san gbèsè náà. Gbèsè tí a tún fi gbèsè san. Mo dúpẹ́ pé wọ́n gbé e dìde, ṣùgbọ́n kí ló fà á tí kò fi wọlé nígbà tó yẹ kó wọlé?

Ìyàwó_Ọlọ́pàá

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Bàbá Ṣadé lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn sójà ti jáde kúrò nínú ètò yìí láti 2011, wọ́n ti padà sí ti àtijọ́. Kí ló dé tí ọlọ́pàá ò lè jáde? Ìbọn kan náà kọ́ ni wọ́n jọ ń kojú? Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje 2025, ẹ rí àwọn àgbà ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì lójú pópó l'Ábùjá nínú òjò, àwọn tí orí wọn ti funfun, wọ́n gbé páálí dání. Ohun tí wọ́n ń fún bàbá Ṣadé lóṣù, kò ra àpò ìrẹsì kan. Ẹ sọ fún mi pé ètò yẹn dára.

Akọ̀wé_Owó

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ̀tọ́ ni inú yín bàjẹ́, mi ò ní bá yín jiyàn lórí iye tí bàbá ń gbà. Owó oṣù ọlọ́pàá kéré, ìdá 8 àti ìdá 10 nínú ohun tó kéré á kéré náà ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà lójú tèmi. Ẹni tó fẹ̀yìn tì tó sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, owó yẹn kì í fò bí ọjà ṣe ń fò. NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024. Ẹ wá ro ẹni tí wọ́n ti ṣírò owó rẹ̀ ṣáájú kí náírà tó já ní oṣù Kẹfà 2023.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, abala 173, ní kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò pẹ́ńṣọ̀n òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá fi kún owó oṣù, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Abala 84 òfin 2014 sì ṣèlérí iye kan tí pẹ́ńṣọ̀n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́wàá kọjá lórí ìlérí yẹn láìsí pé ó dé ọwọ́ ẹnì kankan. Tí mo bá ní agbára kan, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ lò ó.

Bàbá_Ẹlẹ́yẹlé

Ìyàwó wa, mo gbọ́. Mi ò sọ pé kí ọlọ́pàá jẹ ìyà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí wọ́n bá jáde, inú ètò ìṣúná ni wọ́n tún ń padà sí, ohun tó sì pa àwọn ọ̀gá mi nìyẹn. Kí wọ́n fi kún owó tí wọ́n ń san, kí wọ́n sì san gratuity fún wọn lọ́tọ̀, láìkó wọn kúrò níbi tí owó ti ń wọ orúkọ ẹni. Èrò tèmi nìyẹn.

Ìyàwó_Ọlọ́pàá

Mo gbọ́, bàbá. Tí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn, ẹnu wa á pa mọ́. Wọn ò tíì ṣe é.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà l'Óyìnbó náà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń gbèrò láti padà wálé ka èyí dáadáa, nítorí ó ń bà mí nínú jẹ́ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ilé tán.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Britain. Pẹ́ńṣọ̀n méjì ni ọ̀pọ̀ wa ní níbí. Àkọ́kọ́ ni ti ìjọba, tí a ń san National Insurance sí, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ wa. Lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016, tí o kò bá san tó ọdún 10, o kò ní rí nǹkan kan. Kó tó lè pé pérépéré, ọdún 35 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó pé ń gba £230.25 lọ́sẹ̀ ní ọdún ìṣúná 2025/26. Ọmọ ọdún 66 ni wọ́n ti ń gbà á, wọ́n sì ti ń gbé e lọ sí 67 láàrin 2026 sí 2028.

Wọ́n máa ń fi kún owó yìí ní oṣù Kẹrin ọdọọdún. Ṣùgbọ́n tí o bá kó padà sí Nàìjíríà, wọn ò ní fi kún un mọ́. Iye tó bá wà lọ́jọ́ tí o lọ ló máa wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé, nítorí Nàìjíríà àti Britain kò ní àdéhùn lórí rẹ̀. Ará Jàmáíkà tí a jọ ń ṣe night duty, tí ó bá padà sí Kingston, wọ́n á máa fi kún tirẹ̀. Tí èmi bá padà sí Abẹ́òkúta, tèmi á dúró gbagidi. Iṣẹ́ kan náà, owó orí kan náà. Mo ti kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò wa lórí rẹ̀, mo sì rọ gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìdìbò níbí pé kí wọ́n kọ tiwọn. Kí ìjọba Nàìjíríà náà béèrè fún àdéhùn yìí. Mi ò gbọ́ kí àwọn aṣòfin wa nílé sọ ọ́ rí.

Ìkejì ni ti ibi iṣẹ́. Ti NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kò rí bẹ́ẹ̀, ibi yòówù kí o máa gbé, wọ́n á máa fi kún un bí ọjà ṣe ń lọ. Nítorí náà, ẹ má da méjèèjì pọ̀ o.

Tí ẹ bá sì ti dé ilé, wọ́n á máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ láti fi mọ̀ pé ẹ wà láàyè. Ẹ wá ẹni tó lè jẹ́rìí sí i, kí ẹ sì dá a padà kíá. Tí wọn ò bá rí i, wọ́n á dá owó dúró. Ẹ lo àdírẹ́sì tí lẹ́tà ti lè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fún wọn ní ti ẹni tí kì í jíṣẹ́.

Jápa_Manchester

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Vísà àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà ni mo fi wọlé. Wọ́n ń yọ pẹ́ńṣọ̀n lára owó mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n jáde kúrò nínú rẹ̀ torí mi ò mọ̀ bóyá mo máa pẹ́ níbí. Ṣé kí n jáde? Mo tún ní RSA, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, nílé, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì. Ṣé mo lè kó gbogbo rẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ọmọ mi, má jáde tí o bá lè gbà á mọ́ra. Òfin ibí ní kí owó náà má dín ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán ìdá 3 níbẹ̀. Tí o bá jáde, ìdá 3 yẹn ti lọ. Ohun tí Akọ̀wé sọ fún ará ilé-iṣẹ́ ike ni mo ń sọ fún ìwọ náà. Tí o bá padà sílé lọ́la, orúkọ rẹ ló ṣì wà lórí owó náà, ṣùgbọ́n o kò ní lè fọwọ́ kàn án títí wàá fi pé ọdún 55, tó máa di 57 láti oṣù Kẹrin 2028. Ẹni tó bá fi nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀ láìfi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́, òun ló ń pàdánù rẹ̀. Kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n náà àti nọ́ńbà rẹ sínú ìwé kan, kí ìyàwó rẹ náà mọ ibi tí ìwé náà wà.

Akọ̀wé_Owó

@Jápa_Manchester, àbúrò, o kò lè kó gbogbo rẹ̀. Tí o kò bá tíì pé ọdún 50, tí ó sì ti pé oṣù mẹ́rin tí o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí iṣẹ́ mìíràn, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni o lè béèrè fún. Ìyókù á máa wà níbẹ̀, wọ́n á máa fi ṣòwò, títí wàá fi pé 50. Ó ju ìdajì gbogbo owó ìfẹ̀yìntì Nàìjíríà lọ tó jẹ́ pé ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi rà, nítorí náà èlé ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà tó ń já ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn. Mi ò ní purọ́ fún ọ lórí ìyẹn.

Ohun tó máa dí ọ lọ́wọ́ jù ni orúkọ. Rí i dájú pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà ní NIN, BVN àti RSA rẹ bára mu. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ "Olúwaṣeun" ní ibì kan, "Seun" ní ibòmíràn, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbì kan, kò sí níbòmíràn. Oṣù mélòó kan ló fi ń sáré lórí ẹ̀. Tún un ṣe nísinsìnyí tí kò sí ohun tó ń lé ọ. Tí PFA rẹ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, láti oṣù Kọkànlá 2020 ni o ti lè kó owó rẹ lọ sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀fẹ́ ni.

Télọ̀_Mushin

Akọ̀wé, ẹ dákun, àwa tí a kò ní ọ̀gá ńkọ́? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní, kò sẹ́ni tó ń san ìdá 10 fún mi.

Akọ̀wé_Owó

Ètò tiyín wà, bọ̀dá. Oṣù Kẹta 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fún télọ̀, oníṣòwò, awakọ̀, ẹnikẹ́ni tó ń dá ṣiṣẹ́. NIN yín lẹ máa fi ṣí i lọ́dọ̀ PFA. Iye tó bá wù yín lẹ lè san, nígbà tó bá wù yín. Wọ́n á pín in sí méjì: apá kan ni ẹ lè mú jáde tí ìnáwó bá dé, apá kejì á wà pa mọ́ di ìgbà àgbà. Àjọ àti ẹ̀ṣúsú yín kò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ kàn máa san díẹ̀ síbẹ̀ ní àsìkò ọdún iléyá àti Kérésì nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti kọ lẹ́tà náà, àwa òṣìṣẹ́ tó ju ogún lọ ló fọwọ́ sí i. Ọ̀gá gbà á, ó buwọ́ lù ú, kò dùn mọ́ ọn. A ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí PFA àti PenCom. Lánàá, wọ́n ní wọ́n máa san oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ kí oṣù tó parí. A sọ fún wọn pé a óò máa wo àkáǹtì, a kò sì fa lẹ́tà náà padà.

Ẹnì kan nínú wa kú ní ọdún tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ wá bi wá pé orúkọ òun ni ọkọ òun kọ sí next of kin, ṣé òun lè lọ gba owó náà?

Akọ̀wé_Owó

Ẹ ṣeun tí ẹ kò fa lẹ́tà padà. Kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtanràn.

Ní ti ìyàwó olóògbé, orúkọ rẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù nìkan kò tó láti san owó fún un. PFA máa béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, àti ìwé ìpíngún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí tí olóògbé bá ṣe é. Tí kò bá ṣe é, ìwé àṣẹ pínpín ogún láti ilé ẹjọ́ gíga ni wọ́n á béèrè. Kí ó lọ sí ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń gbé, kó mú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àwọn ọmọ dání. Kó kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì olóògbé lọ́dọ̀ PFA, torí ilé ẹjọ́ á béèrè iye tó wà níbẹ̀. Kó sì bi ilé-iṣẹ́ yín léèrè owó ìṣeduro ẹ̀mí tí mo sọ lókè, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn sí RSA. Tí wọn ò bá rà á fún un, kí ó fi sínú lẹ́tà tirẹ̀ sí PenCom.